W.O. Bentley ní kí wọ́n má fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì òun, ni Birkin bá ní àfi dandan!

Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nílùú Le Mans, lórílẹ̀-èdè Faransé, lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, ọdún 1930, á ti rò pé ọkùnrin náà fẹ́ pa ara ẹ̀ ni. Títì ọ̀hún ò fẹ̀, mọ́tò Mercedes funfun ràgàjì kan ló sì gba àárín ẹ̀. Rudolf Caracciola, ọmọ Jámánì tí òkìkí ẹ̀ kàn gan-an nígbà yẹn, ló wà á. Lẹ́yìn ẹ̀ ni mọ́tò Bentley aláwọ̀ ewé kan ti ń bọ̀ bí ìjì, tí táyà ẹ̀yìn ẹ̀ kan ti ń fàya, tí rọ́bà sì ń fò dànù lára ẹ̀. Tim Birkin tó wà nídìí Bentley yìí ò tẹ búrèkì o. Ńṣe ló gbé táyà méjì gun orí koríko, tó sì fi eré tó ju máìlì 120 láàárín wákàtí kan ya Mercedes náà sílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí mọ́tò Bentley lè sáré tó bẹ́ẹ̀ ò fara sin rárá. Iwájú ẹ̀ gan-an ló wà, irin ńlá kan tó yọ síta níwájú rédíétọ̀, láàárín iná méjèèjì, bíi gògóńgò ọkùnrin tó ti ru jù. Èyí tó wá jẹ́ ìyanu níbẹ̀ ni pé ọkùnrin tó dá iléeṣẹ́ Bentley sílẹ̀, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ni ẹ́ńjìnnì tó wà nínú mọ́tò náà, ti sọ ọ́ lásọtúnsọ pé òun ò fẹ́ irin yẹn lára mọ́tò òun.

Walter Owen Bentley lorúkọ ẹ̀, àmọ́ W.O. ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún 1888 ni wọ́n bí i nílùú London. Ọ̀dọ̀ àwọn onírélùwéè ní Doncaster ló ti kọ́ṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ pé irin tí wọn ò bá ni lára ló máa ń pẹ́. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, òun ló ṣe ẹ́ńjìnnì BR1 àti BR2 fáwọn ọkọ̀ òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó tóó wá dá iléeṣẹ́ mọ́tò tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1919. Àwọn mọ́tò tó ń ṣe wúwo, wọ́n sì ga. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ, pé Ettore Bugatti tóun náà ń ṣe mọ́tò ní Faransé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní àwọn ni lọ́rì tó yára jù lọ láyé. Ṣùgbọ́n lọ́rì yìí ló gba ipò kìíní ní Le Mans, níbi tí wọ́n ti máa ń fi odindi wákàtí mẹ́rìnlélógún sáré, lọ́dún 1924, 1927, 1928 àti 1929. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ Bugatti, bíi tẹni tí inú ń bí ni.

Ìmọ̀ràn W.O. lórí eré sísá ò ṣòro yé èèyàn. Tẹ́ni kan bá fẹ́ kí mọ́tò yára sí i, kó ṣe ẹ́ńjìnnì tó tóbi sí i, ó parí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mọ́tò onílítà mẹ́ta ẹ̀ ò yára tó mọ́, ó ṣe onílítà mẹ́rin ààbọ̀, ó sì tún ní onílítà mẹ́fà ààbọ̀ nílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Speed Six.

Birkin ní tiẹ̀ kì í ṣe onísùúrù bẹ́ẹ̀. Nottingham ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1896, inú owó ni wọ́n sì bí i sí. Léèsì ni ìdílé wọn ń ṣe, kì í kúkú ṣe léèsì Austria táwọn èèyàn fi ń lọ òde àríyá nílẹ̀ Yorùbá o, ti Nottingham ni, òun náà sì lókìkí láyé ìgbà yẹn. Ó wa ọkọ̀ òfuurufú nígbà ogun, ilẹ̀ Palẹ́sítínì ló sì ti kó ibà tí kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ó máa ń kólòlò tó bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń so síkáàfù aláàmì tótòtó mọ́rùn tó bá fẹ́ sáré, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rọra wa mọ́tò. Àwọn ẹbí ẹ̀ ní kó jáwọ́ nínú eré mọ́tò, ó sì jáwọ́ fúngbà díẹ̀, àmọ́ nígbà tó máa fi di 1927, ó ti padà sídìí ẹ̀. Lọ́dún 1928, òun àti ìyàwó ẹ̀ kọra wọn sílẹ̀.

Ọdún 1928 yẹn náà ló gbé mọ́tò Bentley onílítà mẹ́rin ààbọ̀ lọ síbi ìdíje ilẹ̀ Jámánì ní Nürburgring. Ipò kẹjọ ló ṣe. Mercedes ló kó ipò kìíní, ìkejì àti ìkẹta lọ, gbogbo wọn ló sì ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì. Láti ìgbà náà lọ, kò sí nǹkan mìíràn tí Birkin ń rò mọ́ ju bí tiẹ̀ náà ṣe máa ní i.

Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ rí ti mọ ohun tó ń wá. Tí alágbẹ̀dẹ bá kó èédú sínú iná, èédú náà á máa jó jẹ́jẹ́. Àmọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá ti gbá ẹwìrì mú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ, iná kan náà, èédú kan náà, irin á pọ́n yòò. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì rí. Epo bẹntiróòlù ò lè jó láìsí atẹ́gùn. Nínú ẹ́ńjìnnì lásán, písítìn ló ń fa atẹ́gùn wọlé fúnra ẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sísàlẹ̀, ìwọ̀nba tó bá sì lè fà náà ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní supercharger kì í dúró de písítìn, ńṣe ló ń ti atẹ́gùn wọlé tipátipá. Atẹ́gùn pọ̀ sí i, epo pọ̀ sí i, agbára pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ò sì tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti fi páǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí páǹpù máa ń gbóná. Atẹ́gùn tí wọ́n bá fún pọ̀ á gbóná, tó bá sì gbóná jù, epo lè gbiná kí àsìkò ẹ̀ tóó tó, kó máa lu orí písítìn bí ìgbà téèyàn ń fi òòlù lù ú. Kíráǹkì, kọ́ńrọ́ọ̀dù, fáàfù, gbogbo wọn ló máa gbé ẹrù tí ẹni tó ṣe wọ́n ò dì lé wọn lórí. Ẹ́ńjìnnì náà ló tún máa yí ẹ̀rọ ọ̀hún, ìyẹn ni pé nínú agbára tí wọ́n ń wá, wọ́n ní láti san díẹ̀ padà.

Ohun tí W.O. ń wí gan-an nìyẹn. Ó ní tí wọ́n bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sára mọ́tò òun, wọ́n ti yí iṣẹ́ òun po, wọ́n sì ti ba ìṣesí ẹ̀ jẹ́. Kò gbà.

Tó bá jẹ́ pé owó W.O. ló ṣì ń gbé iléeṣẹ́ náà ró ni, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Àmọ́ láti ọdún 1926 ni agbára ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Woolf Barnato, ọmọ ọkùnrin tó rí owó repete nídìí dáyámọ́ǹdì ní Kimberley, ní South Africa, ló kó owó wọlé, òun náà ló sì di alága. Barnato fúnra ẹ̀ máa ń sáré ní Le Mans, ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì ni Birkin. Birkin gba ẹ̀yìn W.O. lọ bá alága, ó bẹ̀ ẹ́ títí, Barnato sì ní kó lọ ṣe é. Ẹni tó ni orúkọ tí wọ́n kọ sára mọ́tò wá di ẹni tó ń wòran.

Ó kù kí wọ́n rí owó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí, nítorí pé ọwọ́ obìnrin kan ni owó náà ti wá. Dorothy Paget lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún sí mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà, ọmọ Lord Queenborough, àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn Whitney ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ ẹbí ìyá ẹ̀ lowó gidi ti wá. Obìnrin yìí ò fẹ́ràn kí ọkùnrin sún mọ́ ọn, wọ́n sọ ọ́ káàkiri, ó sì máa ń fi ọ̀sán sùn, kó fi òru jẹun. Tẹ́tẹ́ ni oúnjẹ ẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan lára àwọn tó ń gba tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ máa ń jẹ́ kó ta á lálẹ́ lórí eré ẹṣin tí wọ́n ti sá tán lọ́sàn-án, torí ó mọ̀ pé kì í bèèrè èsì ṣáájú, àti pé ó ṣì máa pàdánù náà ni! Obìnrin tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni Birkin lọ bá, ó sì gbà láti gbé ìnáwó náà. Ẹgbẹ́ eré mọ́tò wọn di tiẹ̀.

Birkin wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Welwyn, nítòsí London. Ó gba Clive Gallop síṣẹ́, ẹni tó ti wà pẹ̀lú W.O. nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ́ńjìnnì Bentley àkọ́kọ́, bíi pé kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn yẹn gan-an, ọ̀dọ̀ Amherst Villiers ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, àmọ́ ó ti bá Raymond Mays ṣe irú ẹ̀ fún mọ́tò eré ìje ṣáájú.

Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Roots ni Villiers ṣe. Irin méjì tó dà bíi nọ́ńbà 8 ló wà nínú àpótí irin kan, wọ́n ń yí pọ̀ láì jẹ́ kí ọ̀kan fara kan èkejì, wọ́n sì ń gbá atẹ́gùn láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì. Kábúrétọ̀ SU méjì ni wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, ìyẹn ni pé atẹ́gùn tó ti pò mọ́ epo ló ń gbá, páìpù ló wá ń gbé e lọ sínú ẹ́ńjìnnì.

Ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e sí? Wàhálà dé. Àwọn mìíràn ì bá tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kí wọ́n wá àyè fún un lábẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì, àmọ́ W.O. ò gbà kí wọ́n yí ara ẹ́ńjìnnì òun padà nítorí nǹkan tí òun ò fẹ́. Ni wọ́n bá gbé e síta, síwájú rédíétọ̀, tí imú kíráǹkì fi ń yí i tààrà. Irin tó yọ síta tí gbogbo ayé fi dá mọ́tò náà mọ̀ dòní, kì í ṣe oge o, àìgbà W.O. ló gbé e síbẹ̀. Ẹ̀rọ ti Mercedes, ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ ẹ̀sẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá nìkan ló máa ń dìde. Ti Birkin ò mọ ìgbà ìsinmi, tí kíráǹkì bá ti ń yí, òun náà ń yí.

Wọ́n fi kíráǹkì tó le sí i sí i, wọ́n pààrọ̀ písítìn àti kọ́ńrọ́ọ̀dù, wọ́n tún ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà ṣe. Mẹkáníìkì ìsinsìnyí á ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló máa kọ́kọ́ fò, kò sì ní jayò pa, àmọ́ ẹ́ńjìnnì W.O. ò ní in rárá, orí àti ara sílíńdà ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn dáa fún agbára, ṣùgbọ́n tí fáàfù kan bá bàjẹ́, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa hú sókè. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó jẹ́ pé 130 ni agbára ẹṣin ẹ̀ tí wọ́n bá ṣe é fún ìdíje, wá di 240. Èyí tí wọ́n ṣe fún títì lásán kúrò ní 110, ó di 175. Blower làwọn òyìnbó sọ ọ́, ìyẹn afẹ́nifẹ́rẹ̀.

Mọ́tò náà kọ́kọ́ jáde ní Brooklands, lóṣù kẹfà, ọdún 1929. Kò parí eré. Ní Ireland lóṣù keje, ó ṣe ipò kẹta. Lóṣù kẹjọ, wọ́n gbé e lọ síbi ìdíje Tourist Trophy ní Ards, nítòsí Belfast. Nígbà yẹn, mẹkáníìkì máa ń jókòó ti awakọ̀ nínú mọ́tò. Ẹ mọ ẹni tó jókòó ti Birkin lọ́jọ́ náà? W.O. Bentley fúnra ẹ̀ ni! Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ọkùnrin ẹni ọdún ogójì tó ti lóun ò fẹ́ mọ́tò yìí rí, ó wọ inú ẹ̀, ó sì jókòó nínú òjò pẹ̀lú awakọ̀ tí kì í rọra sáré, kó lè fetí ara ẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì òun ṣe. Caracciola ló gbégbá orókè lọ́jọ́ náà.

Òfin Le Mans wá sọ pé tí wọ́n bá fẹ́ gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ wá, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe àádọ́ta ẹ̀ fún títà. Barnato ní kí wọ́n ṣe é. Iléeṣẹ́ tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ ẹ̀ ti wá ń ṣe àádọ́ta mọ́tò tí ọ̀gá ibẹ̀ ò fẹ́, nítorí kí ọ̀rẹ́ alága lè sáré.

Ibi tí Birkin ti gun koríko ní Le Mans lọ́dún 1930 la ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Báwo lọ̀hún ṣe wá parí? Táyà fọ́, ó dúró, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ó tún gbá Mercedes tẹ̀lé. Òun àti àwọn Speed Six tí W.O. fẹ́ràn kò jẹ́ kí Caracciola sinmi, títí tí Mercedes náà fi dákú láàárín òru. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì Blower méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ eré náà ò dé òpin. Speed Six ló gba ipò kìíní, Barnato àti Glen Kidston ló wà á, Speed Six kejì sì tẹ̀lé e. Àwọn kan ní Birkin ló fi ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ rúbọ kó lè pa Mercedes, àwọn mìíràn ní Mercedes ọ̀hún ì bá kú náà ni. Wọ́n ṣì ń jà á níyàn. Èyí tí kò níyàn níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ńlá tí wọn ò fẹ́ atẹ́gùn sí ló gba ife-ẹ̀yẹ, bí W.O. ṣe wí.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Birkin gbé Blower onísíìtì mẹ́rin lọ sí Pau, níbi ìdíje ńlá ilẹ̀ Faransé, àárín àwọn Bugatti kéékèèké tó fúyẹ́ bí ìyẹ́. Lọ́rì náà ṣe ipò kejì! Philippe Étancelin tó wa Bugatti nìkan ló ṣíwájú ẹ̀. Ìyẹn lèyí tó dáa jù tí mọ́tò yìí ṣe níbi ìdíje ńlá. Kò gba ipò kìíní ọ̀kan rí.

Lóṣù kẹwàá, ọdún 1930, Dorothy Paget sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó yọwọ́ owó ẹ̀ kúrò, mọ́tò onísíìtì kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò ní Brooklands nìkan ló mú dání. Ìdí ẹṣin ló kọjú sí, ibẹ̀ ló sì ti ṣoríire, Golden Miller tó jẹ́ tiẹ̀ gba Gold Cup ní Cheltenham lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀léra, láti 1932 sí 1936.

Fún W.O., kò sí Golden Miller. Ọrọ̀ ajé àgbáyé ti dojú dé láti ìparí 1929. Lóṣù keje, ọdún 1931, Barnato lóun ò san gbèsè iléeṣẹ́ náà mọ́, wọ́n sì kó o lé adájọ́ lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ Napier ló fẹ́ rà á, W.O. pàápàá ti ń bá wọn sọ mọ́tò tuntun tí wọ́n jọ máa ṣe, àfi bí iléeṣẹ́ kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ ṣe yọjú, tó fi owó tó ju tiwọn lọ lélẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó W.O. ló fetí kó o níbi àríyá kan pé Rolls-Royce ló wà lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n ṣe ra iléeṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ra ọ̀gá ibẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan di gbogbo ẹ̀bi ru Blower, ìyẹn ò sì tọ́. W.O. fúnra ẹ̀ ló gbé mọ́tò onílítà mẹ́jọ jáde lóṣù kẹwàá, ọdún 1930, tí férémù àti ẹ́ńjìnnì ẹ̀ nìkan jẹ́ £1,850, lásìkò táwọn olówó gan-an ń ta tiwọn. Àmọ́ àádọ́ta mọ́tò yẹn kò ràn án lọ́wọ́.

Ní ti Birkin, ọdún 1931 tí Bentley kú yẹn gan-an ló gba ipò kìíní ní Le Mans, òun àti Earl Howe. Alfa Romeo ni wọ́n wà, òun náà sì ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Vittorio Jano tó ṣe mọ́tò náà ti fi ẹ̀rọ yìí sọ́kàn látìgbà tó ti ń ya ẹ́ńjìnnì sórí bébà, kì í ṣe pé wọ́n gbé e kọ́ ọ lọ́rùn lẹ́yìn tó parí iṣẹ́. Lọ́jọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1932, ó gbé Blower onísíìtì kan ti Paget jáde ní Brooklands, ó sì fi eré máìlì 137.96 láàárín wákàtí kan yí ibẹ̀ po. Kò tíì sẹ́ni tó sá tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí, ọdún 1934 ni John Cobb tóó já a gbà.

Lóṣù karùn-ún, ọdún 1933, ó lọ sáré ní Tripoli, ní Libya. Ó ṣe ipò kẹta nínú Maserati. Níbi tó ti na ọwọ́ láàárín eré, ó fi apá kan páìpù èéfín tó gbóná. Kò ka ojú iná náà sí. Ojú ọgbẹ́ ọ̀hún ló wá di nǹkan, àwọn kan sì ní ibà Palẹ́sítínì tún gbé e dìde. Ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, ló kú ní London, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlógójì. W.O. pẹ́ láyé ní tiẹ̀, ọdún 1971 ló tóó kú.

Lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti lọ, àwọn èèyàn ò gbàgbé Blower. Ọdún 1953 tí Ian Fleming kọ ìwé James Bond àkọ́kọ́, Bentley onílítà mẹ́rin ààbọ̀ tó ní ẹ̀rọ Amherst Villiers ló fún Bond wà. Lọ́dún 2012, wọ́n ta mọ́tò onísíìtì kan tí Birkin fi sáré ní Brooklands ní Goodwood, owó ẹ̀ sì ju mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lọ. Nígbà tó di 2019, iléeṣẹ́ Bentley fúnra ẹ̀, tó ti di ti Volkswagen, lóun fẹ́ tún ọ̀kan nínú àwọn mọ́tò àtijọ́ òun ṣe tuntun, méjìlá péré, fáwọn tó lówó ẹ̀. Kì í ṣe Speed Six ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ọ̀kan lára àwọn Blower tí Birkin ṣe ní Welwyn ni wọ́n tú palẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbàlódé wọn irin ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tún ẹ̀dà wọn rọ. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn yẹn náà ńkọ́? Iwájú rédíétọ̀, níta gbangba, ni wọ́n gbé e padà sí.